Ọjọ́ orí hóró iyanrìn kọ́ ni ọjọ́ orí òkúta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Òkúta oníyanrìn ẹ̀yìn Abẹ́òkúta ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Wọ́n yẹ zircon, ìyẹn àwọn hóró líle kéékèèké inú rẹ̀, wò láti mọ ọjọ́ orí wọn: èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, díẹ̀ lé ní 2,000 mílíọ̀nù. Ẹnìkan tó ń gbowó bá wa ṣiṣẹ́ ní kí n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n pín in, pé ohun tó bá jáde ni ọjọ́ orí òkúta náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o! Má kọ ọ́. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi àìmọ̀ gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹni tó fi iyanrìn Odò Ògùn mọ búlọ́ọ̀kù lánàá, ṣé a ó ní búlọ́ọ̀kù náà ti dàgbà tó iyanrìn inú rẹ̀? Bí òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Inú òkúta yíyọ́ tó ń tutù ni ọ̀pọ̀ zircon ti dì, ó sì há yuréníọ̀mù díẹ̀ mọ́ra. Yuréníọ̀mù yẹn ń di òjé díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí a mọ̀. Òun la fi ń ka ọdún hóró náà. Lẹ́yìn náà ni òjò àti oòrùn fọ́ òkúta ìyá rẹ̀, tí omi gbé e lọ. Zircon le púpọ̀. Feldspar, hóró mìíràn tó wọ́pọ̀ nínú òkúta, á ti jẹrà di amọ̀, zircon á ṣì wà. Ó tilẹ̀ lè ti gbé inú òkúta oníyanrìn mìíràn rí kó tó dé inú tìrẹ.

Ilé ìbí hóró ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ. Ọ̀pọ̀ gíráníìtì ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn òkúta kan ní agbègbè Ìbàdàn lé ní 2,000 mílíọ̀nù. Ó bára mu, àmọ́ ìbáramu nìkan kò tíì tó ẹ̀rí.

Ní ti ọjọ́ orí òkúta fúnra rẹ̀, ohun tí zircon lè sọ kò ju pé kò lè dàgbà ju hóró tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú rẹ̀ lọ. Ìyókù dọwọ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ tó há sáàárín amọ̀ rẹ̀, àti ipele tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà Cretaceous la ka òkúta oníyanrìn Abẹ́òkúta sí, ìyẹn láàárín 145 sí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wo bí ìṣirò ẹni yẹn ṣe ṣìnà tó!

Kí o lè mọ irú òkúta ìyá tí hóró náà ti wá, gé òkúta náà ní pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́ tó 0.03 mílímítà, kí o ka iye hóró quartz (hóró iyanrìn tó wọ́pọ̀) àti feldspar inú rẹ̀ lábẹ́ maikirosikópù. N kò fojú rí òkúta rẹ o, nítorí náà má kọ ọ́ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Olùkọ́ rẹ ni kí o gbé èsì náà lọ bá, kó tó di pé o tẹ̀ ẹ́ jáde.