Full Collapse kọ́ ni àwo àkọ́kọ́ Thursday

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé àwo Full Collapse ni Thursday, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀. Rárá, ìkejì ni. Waiting ló ṣáájú, Eyeball Records gbé e jáde ní 1999. Full Collapse dé ní 2001 lábẹ́ Victory Records. Òun ló sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká, àṣìṣe yẹn ò sì yà mí lẹ́nu.

Tí ẹ ò bá gbọ́ wọn rí, Full Collapse náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Geoff Rickly, akọrin wọn, á rọra máa kọrin bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ ariwo ti sọ, gìtá á sì gba gbogbo ilé kan.

Waiting dùn fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣeré nínú yàrá abẹ́ ilé ní New Brunswick, New Jersey. Kò dán tó èkejì, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí: Rickly yìí kan náà ló darí gbígba àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin My Chemical Romance sílẹ̀, èyí tó jáde ní 2002.