Má tíì pè é ní halo o

Àbúrò, o ní o rí nǹkan kan tó rí bí èéfín nínú máàpù rédíò rẹ, láàárín klọ́sítà (agbo gálásì, ìyẹn galaxy) rẹ tó wà ní z 0.7 (z ni redshift, bó bá ṣe tóbi tó ni nǹkan ṣe jìnnà tó), o wá ń bèèrè bóyá halo ni, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ rédíò fífẹ̀ tó bo àárín klọ́sítà, tí kì í ṣe ti gálásì kankan. Èmi náà ti pariwo halo rí. Dátà GMRT, awò rédíò kan ní Íńdíà, ni tèmi, aago méjì òru ni mo fi máàpù ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ mi, mo tiẹ̀ ti ń ro àkọlé pépà lọ́kàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé o ti yọ àwọn gálásì inú ẹ̀ kúrò? Mo ní mo ti yọ wọ́n. Irọ́ ni o, mi ò kàn mọ̀ pé irọ́ ni.

Gálásì kan wà níbẹ̀ tó nírù, irú èyí tó ń sáré nínú gáàsì gbígbóná tí ìrù ẹ̀ ń fẹ́ sẹ́yìn bí èéfín ọ̀kadà. Orí nìkan ni mo yọ. Bí mo ṣe wá taper, ìyẹn ni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àwòrán di bàìbàì kí nǹkan fífẹ̀ lè hàn, ìrù yẹn bá gbòòrò, ó di halo mọ́ mi lójú. Oṣù mẹ́rin ló bá a lọ, nígbà tí mo yọ ìrù tán kò sí nǹkan kan mọ́, upper limit (ìwọ̀n tí halo kò lè tàn jù, bó bá tiẹ̀ wà) ni mo kọ sínú tíísììsì.

Ìdí tó fi rọrùn láti ṣìnà ni pé tìẹ jìnnà. Halo ti Coma, klọ́sítà kan tó wà nítòsí, fẹ̀ ju òṣùpá lọ lójú ọ̀run, gálásì inú ẹ̀ á dá yàtọ̀ gedegbe. Tìẹ, bó tiẹ̀ fẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú òṣùpá, gbogbo ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra.

Torí náà, baseline gígùn nìkan (ańtẹ́nà méjì-méjì tó jìnnà síra, tó ń rí nǹkan kéékèèké) ni kó o kọ́kọ́ fi ya àwọn gálásì, clean ẹ̀ dáadáa (fọ ìdọ̀tí tí awò fúnra ẹ̀ ń fi sínú àwòrán kúrò), kó o yọ model àwọn gálásì yẹn nínú visibility (dátà tí kò tíì di àwòrán), kì í ṣe nínú àwòrán o. Ibi tó o bá gé baseline sí (èyí tó kúrú jù tí wàá lò) ni ìjà wà: gé e sókè jù, ìrù á ṣẹ́kù, gé e sísàlẹ̀ jù, wàá yọ halo fúnra ẹ̀ mọ́ ọn. Gé e síbi mẹ́ta mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí flux (iye ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù) bá ń fò sókè sódò, jọ̀ọ́ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ná. Èmi tún máa ń fi halo ayédèrú sínú dátà kí n wò ó bóyá ó máa yọ síta.

Ẹni tó sọ fún ẹ pé klọ́sítà tó jìnnà báyìí ò lè ní halo, kò jẹ̀bi tán. Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tó kún gbogbo àgbáyé máa ń gba agbára lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń mú halo tàn, bó o ṣe ń lọ jìnnà ló ń le sí i, ní El Gordo, klọ́sítà kan tó wà ní z 0.87, ó ti tó ìlọ́po 12 ti òde òní. Síbẹ̀ El Gordo ní halo. Ní 2021, Di Gennaro àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi LOFAR, awò rédíò kan ní Yúróòpù, wo klọ́sítà 19 láti z 0.6 lọ sókè, 9 nínú ẹ̀ ló ní nǹkan fífẹ̀ yìí, wọ́n ní agbára òòfà ibẹ̀ ti tó ti àwọn tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n 144 MHz, frequency tó lọ sílẹ̀, ni wọ́n wò, ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, tìẹ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Fi máàpù baseline gígùn ránṣẹ́, èyí tí o ò tíì taper. Nǹkan tó tàn lápá ọ̀tún nínú àwòrán rẹ yẹn, tó dà bíi pé ó tẹ̀ díẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀.