Ọ̀rá píọ́wọ́tà: kí ló dé tí MFI bára mu, tí ẹ̀rọ ṣì ń jà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rá píọ́wọ́tà la ń fi ẹ̀rọ fẹ́ n'Íbàdàn. LDPE (low-density polyethylene), irú ike kan, la ń lò tẹ́lẹ̀. A wá bọ́ sórí ike LLDPE (linear low-density polyethylene) tí MFI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ike yíyọ́ ṣe ń ṣàn sí, kò yàtọ̀, ni mótò ẹ̀rọ bá ń jẹ iná gan-an, ọ̀rá tó ń wú lókè dáì (ẹnu ẹ̀rọ tí ike yíyọ́ ń gbà jáde) ń mì, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Ṣé àdàmọ̀dì ni wọ́n tà fún wa?

Ìdáhùn: Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ìwà LLDPE gidi ni. Ẹ̀ka ara mólékù òun àti ti LDPE ló yàtọ̀.

Ìfúnpá tó ju 1,000 bar (òṣùwọ̀n ìfúnpá) lọ ni wọ́n fi ń ṣe LDPE, ẹ̀ka gígùn sì máa ń yọ lára mólékù rẹ̀. Ti LLDPE kúrú: kábọ́ọ̀nù 2, 4 tàbí 6 péré, bí ó bá jẹ́ èròjà butene, hexene tàbí octene ni wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò gùn tó láti há mọ́ra.

MFI ò lè fi èyí hàn yín. Ní 190°C, lábẹ́ òṣùwọ̀n 2.16 kg, ike ń rọra ṣàn ni. Nínú dáì yín, ńṣe ló ń sáré. Bí eré bá pọ̀, LDPE á dẹ̀ gan-an. LLDPE kì í dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa fipá tì í, ara ọ̀rá kò sì ní dán.

Ti ọ̀rá tó ń mì ńkọ́? Ẹ fa okùn kan nínú òkítì okùn, á yọ. Ẹ fa ẹ̀ka igi kan nínú òkítì ẹ̀ka, á wọ́ gbogbo òkítì dání. Bí òkítì ẹ̀ka yẹn ni LDPE rí: bí a ṣe ń nà án ló ń le sí i, òun ló fi ń dúró ṣinṣin. LLDPE kò ní agbára yẹn.

Síbẹ̀, èmi ò ní padà sí LDPE lásán. LLDPE ṣeé fẹ́ fẹ́lẹ́, kì í sì í tètè lu. Ẹ po LDPE bíi 20 sí 30% mọ́ ọn. Ẹ má kàn fi kún ooru ẹ̀rọ, ọ̀rá yóò túbọ̀ mì ni. Bí dáì yín bá jẹ́ ti LDPE, àlàfo rẹ̀ ti há jù. Nǹkan bíi 1.5 sí 2.5 mm ló bá LLDPE mu. Bí owó dáì tuntun kò bá tíì sí, ẹ ra èròjà fluoropolymer tó ń jẹ́ kí ike yọ̀ nínú dáì. Ẹ fún un ní bíi wákàtí kan kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́, torí ó ní láti kọ́kọ́ bo ara dáì nínú.