Mítà kan, yàrá mẹ́jọ: ẹ má tíì pe ìpàdé yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀ yé mi: yàrá mẹ́jọ, mítà kan ṣoṣo, owó iná tí gbogbo yín ń pín lọ́gbọọgba, ará yàrá karùn-ún tó ń fi sítóòfù oníná se ẹ̀wà, àti ìpàdé ọjọ́ Sunday tí ẹ fẹ́ fi ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìpàdé náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọkùnrin yẹn bá lọ lónìí, ẹni tó máa gba yàrá náà máa ra sítóòfù oníná tirẹ̀ láìpẹ́, ìjà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí ẹ fi ń pín owó ló ń bí ìjà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ 1,000 wáàtì bá jẹ ní wákàtí kan là ń pè ní yúnìtì kan. Sítóòfù oníná olójú kan sábà máa ń jẹ 1,000 wáàtì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, yúnìtì 90 nìyẹn lóṣù. Ẹ fi ₦209.50 ṣírò rẹ̀, ìyẹn iye kan tí àwọn àdúgbò Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù lójúmọ́ fún) ti san lórí yúnìtì lẹ́yìn tí owó iná fò sókè ní oṣù kẹrin 2024, kí ẹ wá fi VAT 7.5% lé e. Ó di ₦20,269. Ṣùgbọ́n torí pé ọ̀nà mẹ́jọ lẹ pín in sí, ₦2,534 péré ló jáde lápò rẹ̀. Ẹ̀yin méje yòókù lẹ bá a san ₦17,735. Kò jalè o. Ohun tí ìlànà ilé yín sọ pé kó san ló san.

Ẹ wá wo ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì. Fáànù 70 wáàtì fún wákàtí méjìlá, gílóòbù méjì, tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí márùn-ún: nǹkan bí yúnìtì 38 lóṣù, ₦8,558. Bí ìyá bá fi ara dá ooru tí ó dín in kù sí ìdajì, owó tí ilé máa rí jèrè jẹ́ ₦4,279. Èwo ló padà sọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀? ₦535. Ta ló máa pa fáànù nínú ooru oṣù kẹta nítorí ₦535? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ẹni tó ń ṣọ́ iná lò ń jèrè ìdá kan nínú mẹ́jọ, ẹni tó ń lò ó nílòkulò ń ru ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí gbogbo yín bá jẹ́ ọmọlúàbí, ìlànà yìí á ṣì máa fa yín síbi kan náà.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ ra káàdíbọ́ọ̀dù kan kí ẹ ya ìjà náà sórí rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ènìyàn kankan sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi ọfà so ó mọ́ ohun tó ń fà. Èyí tó máa ń jáde nìyí: iná tètè tán, ìfura bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan kọ̀ láti dáwó, ẹni tó ti dáwó ní òun ò ní í jẹ́ kí owó òun ṣòfò, ó wá ń lò ó bó ṣe wù ú, iná tún tètè tán. Bí ọfà bá ti yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ń bọ́ ara rẹ̀. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gé ọfà kan níbẹ̀. Ẹ wá béèrè lórí ọfà kọ̀ọ̀kan pé, "èyí tí a lè gé láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ìwà padà, èwo ni?" Ọfà ìfura ló máa ń rọrùn jù láti gé, torí nọ́ńbà ló ń pa á.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé ìjà àti ohun tó fà á kì í pàdé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ra iná ₦20,000, ó tán lọ́jọ́ kẹsàn-án ní aago mẹ́wàá alẹ́, ariwo sọ. Ẹni tí fáànù rẹ̀ ń yí lọ́wọ́ lásìkò yẹn ni wọ́n máa bá wí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni iná ti lọ. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ìdájọ́ tí a bá sì fi òkùnkùn dá kò yàtọ̀ sí i.

Ẹ wá lọ wọn nǹkan fún ọjọ́ méje. Aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́: ẹ kọ yúnìtì tó kù sínú ìwé, kí ènìyàn méjì láti yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ máa kà á. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá a kà, torí nọ́ńbà tí ẹnìkan ṣoṣo mú wá ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ìpàdé.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ mítà yẹn dáadáa. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ẹ ó sì rí i tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan tẹ̀ lé imp/kWh sí i lára. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1000, bí iná pupa yẹn bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró fún ìdá kan nínú 1,000 ti yúnìtì kan. Ẹ fi aago fóònù ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú ní mínítì kan, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 60, wáàtì tí gbogbo ilé ń jẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá jẹ́ 600 wáàtì. Bí ó bá jẹ́ 1600 tàbí 3200 ni wọ́n kọ sí i, ẹ sọ iye tí ẹ kà di ọ̀nà 60,000, kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín in.

Ẹ wá ní kí gbogbo yàrá pa iná láti ibi bíréékà wọn, kí ẹ dúró fún mínítì márùn-ún. Lórí mítà 1000, bí ó bá ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan péré, wáàtì 12 nìyẹn, bíi gílóòbù tí ẹnìkan gbàgbé. Bí ó bá ń ṣẹ́jú ní ogún ìgbà ní mínítì kan nígbà tí gbogbo ilé ti pa iná, ẹ̀rọ 1,200 wáàtì kan wà níbì kan tí kò sí nínú ìṣirò yín: pọ́ǹpù omi, ṣọ́ọ̀bù iwájú, tàbí wáyà tó ti ṣí lára tó ń da iná sí ògiri. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú ògiri fúnra yín. Ẹ pe oníṣẹ́ iná. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé ó ń dùn mí tí wọ́n bá lé ènìyàn jáde nínú ilé lórí iná tí ẹ̀rọ omi jẹ.

Nígbà tí nọ́ńbà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ pe ìpàdé, ṣùgbọ́n ìpàdé ìrònú nìkan, ẹ má yan nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pín bébà pélébé, kí oníkálukú kọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó rò pé a lè gbà, láìkọ orúkọ, láàárín mínítì mẹ́wàá, kí ẹ kó o sínú abọ́ kan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ ni pé nílẹ̀ wa, bí onílé tàbí àgbà ilé bá ti là á pé "èmi rò pé", àwọn ọmọdé á panu mọ́. Kí àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Bí èrò bá gbẹ, ẹ yí ìbéèrè padà: "Kí la lè ṣe tí ìjà yìí á fi burú sí i?" Kíá ni ìdáhùn máa ń rọ́ wọlé: ká má fi ìwé rírà han ara wa, ká jẹ́ kí iná tán pátápátá kí a tó dáwó, kí ẹnikẹ́ni tó bá bínú máa gé wáyà ẹlòmíì. Ẹ kà á padà sí wọn. Ẹ ó rí i pé ìdajì rẹ̀ lẹ ti ń ṣe.

Ọ̀nà tó sábà máa ń borí ni mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tó kàn ń ka iye tí yàrá náà jẹ lára iná mítà ńlá. Àwọn kan á dábàá pé kí ẹ ka ohun èlò, kí ẹni tó ní fíríísà san jù. Mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Yóò sọ yín di ọlọ́pàá inú ilé, wọn á máa gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó dára jù lọ ni kí yàrá kọ̀ọ̀kan gba mítà tirẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ báyìí, kí ẹ fi mítà kékeré dúró dè é.

Ibi tí mítà kékeré ti ń bàjẹ́ rèé. Ẹ̀yìn mítà ńlá ni kó wà, ṣáájú bíréékà yàrá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èdìdì mítà ńlá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Nínú ilé àtijọ́, níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) yàrá méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń pàdé sójú kan nínú ògiri. Bí oníṣẹ́ iná ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó so mítà, àwọn mítà kan á máa purọ́, ẹni tó rin ìrìn àjò á rí yúnìtì lórí tirẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó iṣẹ́: ẹ tan yàrá kan ṣoṣo, kí ẹ wò bóyá mítà kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ẹ má sì retí kí mítà kékeré mẹ́jọ jọ ti ńlá gẹ́lẹ́. Ká ní ńlá ka 420 lóṣù, àwọn kékeré papọ̀ jẹ́ 372. Àlàfo 48 wà. Pọ́ǹpù tó ń jẹ bíi 1,000 wáàtì fún wákàtí kan lójúmọ́ ti gba 30. Gílóòbù ìta mẹ́rin tó jẹ́ wáàtì mẹ́wàá-mẹ́wàá láti alẹ́ mọ́jú gba 14. Mẹ́rin tó kù, wáyà ló jẹ ẹ́. Yúnìtì 48 yìí nìkan ni kí ẹ pín lọ́gbọọgba, mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí oṣù kìíní tó parí. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí rẹ̀, àlàfo yẹn ni ìjà tuntun máa gbà wọlé.

Ẹ dá owó ìpìlẹ̀ sílẹ̀. Ilé tó ń jẹ yúnìtì 14 lójúmọ́ nílò 98 fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn bí ₦22,071, ₦2,759 lórí yàrá kan. Ẹ rà á sí orí mítà, kí ẹ gbà pé nígbà tó bá ku 98, ó ti tán nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan á wà láti fi dáwó láìsí òkùnkùn, aago mẹ́wàá alẹ́ ò sì ní í bá yín lẹ́nu ìjà mọ́.

Ní ti ìyà, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2009, rí i láàárín àwọn tó ń jọ lo omi, igbó àti ẹja pé ibi tí àjọlò ti pẹ́, ìyà àkọ́kọ́ máa ń kéré, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì ló ń ṣòfin fúnra wọn. Ìránnilétí, lẹ́yìn náà owó ìtanràn kékeré, lẹ́yìn náà onílé. Gígé wáyà ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ sí lára rẹ̀ rárá.

Ohun tó kù ni ta ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ rántí ogun Kírìjì. Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tó para pọ̀) ló jà á, 1877 ni wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ àgọ́ ò tú títí di 1893 tí Gómìnà Carter ti Èkó wá bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ àti ogun Ìlọrin ní Ọ̀fà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àgọ́ tú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kẹ́yìn sí ogun ni wọ́n máa lé bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ilé yín, ẹni tó bá kọ́kọ́ san owó mítà ló ń bẹ̀rù pé àwọn yòókù ò ní í san. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò gbé inú ilé. Bí ó bá ku ẹyọ kan, kó dá ti gbogbo yín padà. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n so gbogbo mítà.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, ẹ lọ bá ará yàrá karùn-ún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ méje yẹn. Ẹ má fi ₦17,735 kí i. Ẹ ní kó bá yín ka iná pupa náà fún mínítì kan nígbà tí sítóòfù rẹ̀ wà lórí, kó pa á, kó tún kà á. Lórí mítà 1000, á fi bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún dín. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó rí. Oṣù kìíní tí mítà bá wọlé, ẹ pín owó bí ẹ ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀, kí ẹ kàn lẹ iye tí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ mọ́ ògiri. Láti oṣù kejì ni kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀.