Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Ẹ̀rọ Lè Fi Góòlù Hàn Wá Nínú Àgbàlá Ilé Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá tó bí bàbá wa ṣòwò láyé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan sí Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣì dúró dòní. Àwọn àgbà ní wọ́n ri owó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kú. Àbúrò mi tó wà ní London ti fi ẹ̀rọ tó ń wá irin ránṣẹ́. Ọkùnrin kan náà tún wá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló mú dání, ó ní tòun ti rí góòlù ní ẹsẹ̀ bàtà 12 lábẹ́ ìdí àtẹ̀gùn. Ó ti gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó ní ká san ₦400,000 kóun tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ta ni ká tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn kó irin rẹ̀, kó máa lọ.

Irú lẹ́tà yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń kọ ọ́ wá láti Ìjẹ̀bú, láti Abẹ́òkúta, láti Ìbàdàn, níbikíbi tí ilé àwọn baba wa bá ṣẹ́ kù sí, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà nínú gbogbo rẹ̀: "ẹ̀rọ ti rí góòlù". Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá góòlù nìkan mọ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ gidi, irú èyí tí àbúrò yín rà, wáyà bàbà ni wọ́n ká sínú àwo pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iná bátìrì á máa lọ, á máa bọ̀ nínú wáyà náà, agbára bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì á sì wọ inú ilẹ̀. Bó bá kan irin, idẹ, fàdákà, kódà bébà dídán inú páálí sìgá, iná kékeré á dìde lára nǹkan ọ̀hún, á dáhùn padà, ẹ̀rọ á ké. Ohun tó gbọ́ kò ju pé nǹkan kan dáhùn. Nọ́ńbà tó ń yọ lójú rẹ̀, àfojúbù ni: òrùka góòlù kékeré àti etí agolo mínírà tí ẹnìkan fà já lè gbé nọ́ńbà kan náà jáde.

Ti jíjìn ńkọ́? Owó onírin kan ṣoṣo, bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lọ nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ púpọ̀ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Gígùn rúlà ọmọ iléèwé nìyẹn. Ilẹ̀ pupa tiwa tí yangí kún inú rẹ̀ tún ń dí i lọ́wọ́, torí irin wà nínú yangí fúnra rẹ̀. Ìkòkò tó kún fún owó á dún láti ìsàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 12? Ẹ wọn yàrá yín láti ilẹ̀ dé àjà, bóyá ni yóò tó bẹ́ẹ̀.

Irin méjì ọwọ́ ọkùnrin yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló ń yí i. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, tí ojú ò tiẹ̀ rí i, irin á fì. Ẹni náà lè máà mọ̀ pé òun lòun ń ṣe é. Nígbà mìíràn wọ́n á so àpótí dúdú mọ́ ọn, kó lè jọ iṣẹ́ òyìnbó. Òyìnbó náà ń lu ara wọn ní jìbìtì. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan ní London sọ James McCormick sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ADE 651 ló ń tà, ó ní ó ń rí bọ́ǹbù láti òkèèrè. Ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó sọnù ni wọ́n wò ṣe é. Àwọn sójà Ìráàkì dì í mú lójú ọ̀nà, bọ́ǹbù ń gba iwájú wọn kọjá, èèyàn ń kú. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyí tí ẹnìkan bá ní "ẹ jẹ́ ká ṣáà dán an wò".

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lóòótọ́, ẹ da abọ́ mẹ́wàá délẹ̀. Kí ẹnìkan fi òrùka góòlù sábẹ́ ọ̀kan, kó sì kúrò níbẹ̀, kó má sẹ́ni tó mọ èwo ni nínú gbogbo yín tó kù. Kí ọ̀gbẹ́ni wá fi irin rẹ̀ wá a nígbà mẹ́wàá. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn onírin bẹ́ẹ̀ tó gbà kí n dán òun wò rí.

Ẹ̀rọ ti London ńkọ́? Mo ti bá ẹbí kan gbé irú rẹ̀ yí àgbàlá ká láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ìṣó páànù, ìdérí ìgò, agolo sadíìnì, ìṣó páànù. Nígbà tó kù díẹ̀ ká ṣíwọ́, ó ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbáwọlé. Mo fi ọ̀bẹ ha yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo rí kọ́bọ̀ onihò kan, owó ẹyọ mẹ́ta sì yí i ká. Ìyá àgbà ilé náà fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n ní, "Èyí la fi ń ra ẹ̀kọ." Ẹ̀rọ ò gbọ́ owó ẹyọ o, torí kì í ṣe irin. Ká ní ọkọ́ la fi wa ibẹ̀ ni, a ò bá ti dà á nù mọ́ yẹ̀pẹ̀, a ò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n síbẹ̀.

Owó tí bàbá yín lè rì mọ́lẹ̀, ẹ rò ó wò. Owó ẹyọ kì í dún. Owó bébà, ikán ti jẹ ẹ́. Ṣílè ilẹ̀ wa, láti 1913 títí di 1920 ni wọ́n fi fàdákà rọ ọ́, idẹ ló dà lẹ́yìn náà. Ti fàdákà ọ̀hún gan-an, ìkọ̀ọ̀kan ò wọn tó gíráàmù 6. Ṣé nítorí ìyẹn lẹ fẹ́ wó ilé?

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Láti 1979 ni òfin ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì ṣèèṣì kan án gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bó ṣe kan ilé tiyín gan-an, ẹ bi lọ́yà. Ilé ẹbí sì ni, ẹ̀ka kan ò lè dá gbẹ́ ẹ. Kí àbúrò yín náà má gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò láìgbàṣẹ, ọlọ́pàá á mú un.

Ìdí tí òfin fi le bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Títí dòní, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń jiyàn lórí ìgbà tí wọ́n rì wọ́n síbẹ̀.

Ẹ tún bi àwọn àgbà ilé léèrè ibi tí wọ́n sin òkú sí. Inú ilé làwọn baba wa ń sin àgbàlagbà sí. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 nínú ilé bẹ́ẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lórí egungun bàbá tó ń wá owó wọn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kòtò yẹn fúnra rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ kì í jìn. Bí kòtò bá ti jìn jù ú lọ, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ògiri á máa yọ́ lọ sínú rẹ̀, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Ògiri á là, àtẹ̀gùn á tẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò sì ní ráyè sá. Torí náà, lónìí, ẹ dí i. Yẹ̀pẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ni kí ẹ dà padà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi igi gún un mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń dà á. Bí ẹ bá rí ojú ìlà tuntun lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sùn lókè títí bíríkìlà tó mọ ilé alámọ̀ á fi wò ó. Ẹ ya fọ́tò ìdí àtẹ̀gùn náà ránṣẹ́ sí mi, kí n fojú rí i.