Ẹ Bi Dókítà Ẹranko: Ṣé ara ẹ̀lírí àti ara èèyàn dọ́gba ni?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Adìyẹ ni mò ń sìn. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé kí wọ́n tó ṣe àjẹsára fúlúù, wọ́n á kọ́kọ́ kán fáírọ́ọ̀sì náà sí imú eku láti mọ bó ṣe le tó. Kò yé mi. Ṣé ara eku àti ti èèyàn dọ́gba ni? Ṣé wọ́n ń fi adìyẹ náà dán an wò? — Ìyá Aládìyẹ, Ìkòródú

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú nǹkan ọ̀sìn. Ara wọn kò dọ́gba rárá, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹranko kan ṣoṣo tó fún iṣẹ́ yìí.

Lọ́dún 1933, fúlúù ń jà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw gba omi tí àwọn aláìsàn fi fọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì kán an sí imú ferret. Ẹranko kékeré ni ferret, ara rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú; àwọn òyìnbó máa ń fi í lé ehoro jáde nínú ihò. Ó ti wà nílé ìwádìí wọn tẹ́lẹ̀ nítorí àrùn ajá kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ gbóná, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń sín. Ní 1936, ferret kan sín lu Charles Stuart-Harris tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn, fúlúù sì mú òun náà. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún lè ju ìyẹn lọ! Ibi tí fúlúù èèyàn ń dì mọ́ nínú imú àti ọ̀fun wa, irú rẹ̀ ló wà lára ferret. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì kan lè ràn.

Ẹ̀lírí, ìyẹn eku kékeré tí ọmọ yín ń sọ, kì í sín bí fúlúù bá mú un. Ọ̀pọ̀ fúlúù èèyàn kì í tilẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti ara ẹ̀lírí kan sí òmíràn títí ara ẹ̀lírí á fi mọ́ ọn lára. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lára rẹ̀ ni bó ṣe ń rù. Láràárọ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó ń ṣàìsàn kò ní jẹun, irun rẹ̀ á dìde, á ká kò sí kọ̀rọ̀. Wọ́n á tún pò fáírọ́ọ̀sì náà kó máa fúyẹ́ sí i láti agbo dé agbo, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tó ń pa ìdajì ẹ̀lírí inú agbo. Bí ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ bá ti ṣe é, fáírọ́ọ̀sì náà le nìyẹn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí kì í dúró kí ẹ̀lírí jẹ̀rora kú. Tí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ bá ti lọ, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́ pa á. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹran tí kò lè kígbe náà ń jẹ̀rora.

Ó wá kan adìyẹ. Ní oṣù kejì 2006, H5N1, ìyẹn fúlúù ẹyẹ tó ń pa adìyẹ, dé Nàìjíríà láti Kàdúná. Kò tíì dé ilẹ̀ Áfíríkà rí. Mo bá wọn gbẹ́ kòtò tí wọ́n á sin adìyẹ sí lóko kan. Obìnrin tó ni adìyẹ jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ, kò sunkún, ó kàn ń wo kòtò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, H5N1 pa obìnrin kan l'Ékòó.

Inú ẹyin ni wọ́n ti ń gbin ọ̀pọ̀ àjẹsára fúlúù, H5N1 sì máa ń pa ọlẹ̀ inú ẹyin. Nítorí náà, wọ́n á gé ibi tó ń jẹ́ kó ràn káàkiri ara adìyẹ kúrò, wọ́n á sì da ìyókù àwọ̀ rẹ̀ bo fáírọ́ọ̀sì kan tó ti rọ̀, tí wọ́n mú ní Puerto Rico ní 1934. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí pé ó ti rọ̀ lóòótọ́? Wọ́n á gún un sí iṣan ẹ̀jẹ̀ adìyẹ mẹ́wàá, wọ́n á ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tí kò rọ̀ lè pa gbogbo wọn láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọ́n á kán an sí imú ferret náà, wọ́n á wò ó bóyá ó jìnnà dé ọpọlọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lè gbé e fún ilé iṣẹ́ àjẹsára.

Ẹ má fòyà, wọn ò ní wá gba tiyín. Adìyẹ tí wọ́n ń lò, ilé àdágbé ni wọ́n ti pa á látinú ẹyin, tí wọ́n sì ti sìn ín, níbi tí àrùn kankan kò ti kàn án. Adìyẹ tó ti bá fúlúù jà rí, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Tó bá yè, a ò ní mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ló rọ̀ àbí adìyẹ ló le.