Èsì: Ṣé ká máa wọn àwọn ọmọ níwájú kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká lè mọ ẹni tó sanra jù?

Rárá o, ẹ má dán an wò. Ìtìjú ló máa ń mú ọmọ febi pa ara rẹ̀, kó tó wá lọ jẹ àjẹjù ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù tó, nínú yàrá, láìwọ bàtà.

Láti mọ̀ bóyá ìwúwo ọmọ bá gíga rẹ̀ mu, ẹ fi gíga (mítà) pín ìwúwo (kílò), kí ẹ tún fi gíga yẹn pín èsì rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 tó jẹ́ kílò 54, tó ga mítà 1.5, máa ní 24. Fún àgbà, kò sí wàhálà. Lórí àtẹ WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) fún ọmọ ọdún 5 sí 19, ó ti sanra jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ẹ má ní kó fọn. Bó ṣe ń ga, tí kílò rẹ̀ bá dúró lójú kan, ó ti ń bọ̀ sípò nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé ìwé: ìgò ìdajì lítà lè ní ṣúgà gíráàmù 50.